Ta ló kọ́kọ́ pariwo "Ó tó gẹ́" ní Kwara: Ìlọrin ni àbí àwa ará Gúúsù?

ỌmọÒmùÀrán (Ọjọ́ Àìkú, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ lánàá ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun ní Táíwò, Ìlọrin, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn títí di báyìí. Bàbá kan ló là á mọ́lẹ̀ pé Ìlọrin ni wọ́n ti bí Ó tó gẹ́, igbe tí wọ́n fi lé ilé Sàràkí kúrò lórí àga Kwara nínú ìbò 2019, pé àwa ará Gúúsù Kwara, ọkọ̀ tó ti ń lọ la sáré fò sí. Mo ní rárá, ojú wa báyìí ló ṣe. Bàbá yarí. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀ kó tó lè báni dá sí i. Ìdajì orí mi nìkan ni wọ́n tíì gẹ̀ nígbà náà.

Kí àwọn tí kò sí nílé nígbà yẹn lè mọ ohun tí mò ń wí: Fúnkẹ́ Adédoyin ló ń ṣojú ẹkùn ìdìbò wa (Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ) nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ó kú ní September 2018. Ní òpin July ọdún yẹn kan náà, Bùkọ́lá Sàràkí àti Gómìnà Abdulfatah Ahmed ti kúrò ní APC, wọ́n ti padà sí PDP. Nítorí náà, nígbà tí INEC fi ìbò sí 17 November 2018 láti wá ẹni tí yóò rọ́pò olóògbé, PDP ló ń ṣèjọba ní Ìlọrin. APC fa Raheem Ọláwùyí kalẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àjùlọ-Ọ̀pin. PDP fa Saheed Alátìṣe kalẹ̀. Àjùlọ-Ọ̀pin ló wọlé.

Ìyẹn ni pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó dìbò gómìnà ní 9 March 2019, àwa ti já ẹgbẹ́ gómìnà lulẹ̀ lójú gómìnà. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló kọ́kọ́ pariwo?

ỌmọỌjàỌba (7:05)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ kú ìdajì orí.

Ìbò ẹyọ kan láti fi dí àyè ẹni tó kú, ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ fi bá Ìlọrin du oyè? Ta ló ń ṣèjọba l'Ábùjá nígbà náà? APC kọ́ ni? Mínísítà ètò ìròyìn, Lai Mohammed, ṣé kì í ṣe ọmọ Ìrẹ́pọ̀dùn níbẹ̀ ni? Ó fẹsẹ̀ rin gbogbo ìlú yín ká nígbà ìpolongo yẹn. Ẹ ní ẹ já ẹgbẹ́ gómìnà lulẹ̀, ẹ ò sọ pé ẹgbẹ́ ààrẹ ló wà lẹ́yìn yín.

Ẹ wá wo tiwa ní 23 February 2019. Sàràkí, olórí ilé aṣòfin àgbà gbogbo Nàìjíríà, nílé baba rẹ̀, ní Àárín Gbùngbùn Kwara. Ìbrahim Olóríẹgbẹ́ ní 123,808, òun ní 68,994. Ẹ̀ka lẹ̀yin gé. Àwa la wú gbòǹgbò.

ỌmọÒmùÀrán (7:11)

Ẹni tó kọ́kọ́ gé ẹ̀ka ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé igi náà ṣeé gé. Kó tó di November yẹn, ẹ̀rù ń ba gbogbo yín ní Ìlọrin. Ta ló lè dúró sí ìta Ọjà Ọba kó sọ gbangba pé òun ò bá ilé Olóyè, ìdílé Sàràkí, ṣe mọ́?

Ìbò náà ò kéré o. Àjùlọ-Ọ̀pin 21,236, Alátìṣe 18,095. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

ỌmọỌjàỌba (7:14)

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Àwọn tó ń kí ara wọn ní mọ́sálásí kan ṣoṣo lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn 😂

ÌyáÀmàlàÀjàṣẹ́ (7:40)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí mo rí. Oríta Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti ń ta oúnjẹ. Ẹ mọ ibẹ̀: ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrin, bó ń lọ Ọ̀fà, á gba ibẹ̀, bó sì ń lọ Òmù-Àrán, á gba ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò yẹn, mo ro àmàlà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mi ò tíì rí mọ́tò ńláńlá tó tó báyẹn rí láyé mi. Àwọn ẹni tí a ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń bi mí bóyá mo ní ìgbálẹ̀, àmì ẹgbẹ́ APC. Mo ní mo ní èyí tí mo fi ń gbálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí àwọn oníbàárà mi ń ṣe, n kò gbọ́ kí wọ́n pe Sàràkí tó bí wọ́n ṣe ń pe owó oṣù. Tíṣà lọkọ mi. Lọ́dún yẹn, owó oṣù kì í pé. Oṣù yìí, ìdajì. Oṣù tó ń bọ̀, ó lè máà tó ìdajì. Tíṣà tó ti ń jẹ àwìn lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tó di ọjọ́ ìbò, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ̀ka sí. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìbò fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ò rìn, n kò ta kọ́bọ̀.

Malété_200L (7:52)

Mummy, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹgbẹ́ wo lẹ dìbò fún?

ÌyáÀmàlàÀjàṣẹ́ (7:55)

Ẹgbẹ́ àmàlà.

Àgbàlagbà_Ọ̀fà (8:30)

Ẹ káalẹ́. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ fi lọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yín ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé 2018 ni wọ́n dá Kwara sílẹ̀. Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin Àríwá ní 1956. Kàdúná nilé náà wà, nítorí lábẹ́ Àríwá la wà nígbà náà. J. S. Ọláwóyin, ọmọ Ọ̀fà, lọ sí Kàdúná lábẹ́ ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹgbẹ́ Sardauna ló ni Kàdúná, ọkùnrin kan láti Ọ̀fà wá dìde láàárín wọn, ó ní ká dá Ìlọrin àti Kàbbà padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgboyà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀.

Ní 1979, Ọláwóyin náà ló díje gómìnà Kwara lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Adamu Attah ti NPN ló borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún náà: ìjókòó 42 ló wà. NPN kó 25, UPN kó 15, GNPP kó 2. Níbo lẹ rò pé àwọn 15 yẹn ti wá? Ọ̀pọ̀ wọn, láti Ọ̀fà, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Èkìtì Kwara àti lọ́dọ̀ àwọn Òkun ní ìhà Kàbbà ni. Gúúsù yìí kò fìgbà kan jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni nínú ìbò.

Èyí tó dùn jù ni 1983. Olóyè Olúṣọlá Sàràkí, tó jẹ́ aṣáájú NPN nílé aṣòfin àgbà, bá Attah jà. Inú NPN ni wọ́n jọ wà o! Olóyè yí padà, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN, ọmọ Ìgbájà, ẹni tó ti wà nílé aṣòfin àgbà láti 1979. Adébáyọ̀ wọlé. Gómìnà UPN ní Kwara! A jó, ó rẹ̀ wá. October ló gorí àga. Ní 31 December, àwọn ológun dé. Oṣù mẹ́ta péré la fi jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ti pa irú igbe Ó tó gẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kwara rí. Olóyè fúnra rẹ̀ ló síwájú rẹ̀.

ỌmọỌjàỌba (8:44)

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn, mo sì mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ní 1956 yẹn kan náà, ṣé Ọ̀fà nìkan ló dìde? Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ ńkọ́? Àwọn mẹ̀kúnnù Ìlọrin ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n bá Action Group ṣe pọ̀. Nígbà tó di 1957, wọ́n ti gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin mọ́ àwọn ọlọ́lá lọ́wọ́. Ìjọba Kàdúná ò lè gbà á mọ́ra, ní 1958 wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká. Bàbá mi àgbà kò yé sọ ọ́ títí ó fi kú.

Tálákà Parapọ̀ ni Ó tó gẹ́ àkọ́kọ́, ìgboro Ìlọrin ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó parí. Ẹ gbé ife wá.

Àgbàlagbà_Ọ̀fà (8:51)

O pa mí ní ibi tí mo sá sí. Òótọ́ lo sọ.

ỌmọÒmùÀrán (8:53)

Bàbá, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí tí mo pè o! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Malété_200L (9:02)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan. Bàbá ní ìjókòó 42 ló wà nílé aṣòfin Kwara ní 1979. Wọ́n kọ́ wa pé 24 ló wà báyìí. Níbo ni 18 lọ? Ṣé wọ́n jí i ni?

Kọ̀wéFáìlì (9:37)

Mo fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè báyìí ló ń jẹ́ kí n rántí pé n kò kú. Ẹ jókòó dáadáa.

Ìjókòó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í dá dúró. Orí iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà ní l'Ábùjá ló ń dúró lé. Ní 1979, Kwara ní aṣojú 14 nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó jẹ́ 42. Kwara ìgbà náà tóbi: Kàbbà àti gbogbo Òkun wà níbẹ̀, Òkénè wà níbẹ̀, Bọ̀rgú wà níbẹ̀. Attah fúnra rẹ̀, ọmọ Ebira ni.

Ní August 1991, Babangida dá Kogí sílẹ̀. Òkun àti Ebira bá a lọ. Bọ̀rgú bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tó kù fún wa ni aṣojú mẹ́fà. Abala 91 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú náà, kó má dín ní 24, kó má sì ju 40 lọ. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́ta, 18 nìyẹn, kò tó. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, 24, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá la wà. Bí wọ́n bá yọ ẹyọ kan, a ti rú òfin.

Ibi tó ti ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe pín àwọn mẹ́fà yẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 la ní. Gúúsù ní méje nínú rẹ̀: Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ, Ọ̀yun. Aṣojú méjì péré ni gbogbo méje yìí ní l'Ábùjá. Mẹ́rin gun ẹṣin kan (ẹkùn tí ọmọ Òmù-Àrán ń sọ), mẹ́ta gun èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣojú àwọn mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ polongo láti Àjàṣẹ́ dé Òsí, dé Erúkù, dé Ìlọfà. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìrẹ́pọ̀dùn, àwọn Òkè-Ẹ̀rọ á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì, àwọn Ìsin á bínú. 1996 ni wọ́n gé ààlà àwọn ẹkùn yìí kẹ́yìn. Òfin fàyè gbà wọ́n láti tún un yẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà sì ti ń bímọ.

ỌmọÀfọ̀n (9:58)

Ẹ ṣé, sà. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni mo fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà, pé ìbò gómìnà ń pariwo lórí asán, ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ìbò kọ̀ọ̀kan ti ń ka nǹkan.

Ẹ wo tiwa ní Ásà, ẹkùn Owódé/Onírè, ní March 2023. Rukayat Shittu, ọmọ ọdún 26, oníròyìn, APC fà á kalẹ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Ọmọdé yìí? Obìnrin?" Nígbà tí wọ́n kà á, ó ní 7,521. Ọkùnrin tó ṣe ìkejì, ti PDP, ní 6,957. Ẹ yọ ọ́ wò: 564. Ìbò abúlé bíi mélòó kan nìyẹn. Bí òjò bá fi rọ̀ sí apá kan lọ́jọ́ náà, orúkọ mìíràn ni à bá máa pè báyìí.

ÓTúnYá (10:20)

Mo ti ń kà á látàárọ̀, mo dákẹ́. Gbogbo yín ń du ẹni tó bí ọmọ, ẹnikẹ́ni ò bèèrè bóyá ọmọ náà yè.

Èmi, PDP ni mo dìbò fún ní 2018, fún un ni mo dìbò ní 2019, n kò sì tijú. Ẹ jẹ́ ká ka òǹkà. Ní 2019, AbdulRahman AbdulRazaq ní 331,546, Razak Atúnwá wa ní 114,754. Ní 2023, AbdulRazaq kan náà ní 273,424, Yaman wa ní 155,490. Tiyín lọ sílẹ̀, tiwa lọ sókè. Bí Ó tó gẹ́ bá dùn tó bí ẹ ṣe ń wí, kí ló lé àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn kúrò nínú rẹ̀?

Èkejì, ẹ̀yin ará Gúúsù gan-an ni mo fẹ́ bi. Abdulfatah Ahmed, ọmọ Share ní Ìfẹ́lódùn, ó ṣe gómìnà ọdún mẹ́jọ lábẹ́ ilé Sàràkí tí ẹ ń bú. Ìgbà tí ẹ pariwo yín tán, ibo ni gómìnà ti wá? Ìlọrin! Ẹ̀yin lẹ lu ìlù, Ìlọrin ló jó o.

ỌmọỌjàỌba (10:24)

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, n kò lè jiyàn rẹ̀. A jó o dáadáa 😂

ỌmọÒmùÀrán (10:33)

Ìwọ ÓTúnYá, òótọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gómìnà nìkan là ń wá lọ́dún yẹn. Ní February 2019, Lọlá Àṣírù lu Rafiu Ibrahim fún ipò aṣòfin àgbà Gúúsù, ìbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti onítọ̀hún. Kí Àṣírù tó dé, láti 2007 ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Ìlọrin kọjá kí ilé Sàràkí fi í sí àpò wọn. Ìyẹn ló ń dùn wá. Kì í ṣe pé a fẹ́ jẹ gómìnà ní dandan.

Ó dáa, a fẹ́ jẹ ẹ́ náà.

Àgbàlagbà_Ọ̀fà (10:50)

Mo fẹ́ sùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìta ni wọ́n ti wá já ilé yẹn. Inú ló ti kọ́kọ́ là. Olóyè ló gbé Mohammed Lawal dé ipò ní 1999 lábẹ́ APP, wọ́n jà. Ní 2003, ó gbé Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ ka iwájú Lawal lábẹ́ PDP, ó sì borí. Lai Mohammed tí ẹ ń pè náà díje lọ́dún yẹn lábẹ́ AD, ó fìdí rẹmi. Kò sẹ́ni tó lè bá Olóyè du ú. Ẹni tó bá tọ́ka sí, òun ni.

Ìgbà tó di 2011, Olóyè fẹ́ kí Gbémisọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin di gómìnà. Bùkọ́lá ní Ahmed ni. Bàbá bínú kúrò ní PDP, ó kó lọ sí ACPN, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọjọ́ ìbò pé, ọmọ borí bàbá. Délé Belgore ti ACN ló tilẹ̀ ṣe ìkejì, Gbémisọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún yẹn ni mo sọ fún ìyàwó mi pé igi tí a rò pé kò lè wó ti ń mì. Olóyè kú ní November 2012. Èyí tí ẹ ṣe ní 2018 àti 2019, ẹ bá a ní ibi tó ti là ni.

Kọ̀wéFáìlì (10:58)

Bàbá ti sọ ọ́.

ÌyáÀmàlàÀjàṣẹ́ (11:15)

Bàbá, ó dàárọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ọkọ mi ní kí n bá òun bi yín: gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ wọ̀nyí, ta ló ṣí ìwé gbèsè mi wò rí nínú wọn?

Malété_200L (11:17)

😂😂😂 Mummy ti tú ìgbìmọ̀ ká bíi ti 1958.

ỌmọÒmùÀrán (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ọ̀sán)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́fà. Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà lọ bá bàbá yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kó gbogbo òǹkà yín sínú fóònù, mo dé ibẹ̀ lónìí, àyà mi yọ síta. Bàbá ò sí níbẹ̀.

Mo bi onígbàjámọ̀ pé ará àdúgbò wo ní Ìlọrin ni bàbá náà. Ó ní kì í ṣe ará Ìlọrin. Òkè-Onígbìn ló ti wá, ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, nínú ẹkùn wa gan-an! Ó ti ń gbé Táíwò láti ìgbà Attah.

Mo ní, "Kí ló dé tó fi ń sọ pé Ìlọrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Ó ní ibi tí bàbá ti gba káàdì ìdìbò rẹ̀ nìyẹn, kò lè dìbò ní November yẹn, 23 February ló tó rí tẹ̀ka.

ỌmọỌjàỌba (4:22)

Ẹ bá mi kí bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí orí yín ná.